Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ìbàdàn

Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ó ṣọ̀wọ́n kí òbí kan jókòó ṣètò bí òun yóò ṣe kó ọmọ lọ wo ìlú. Ọmọ a tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, a tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ kí mọ̀lẹ́bí tó ń ṣàìsàn, tàbí kí wọ́n kó òun àtàwọn àbúrò rẹ̀ lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ìwọ̀nba ìlú tó bá bá pàdé lójú ọ̀nà, òun náà ló rí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí orí wọn ti ń funfun báyìí ló jẹ́ pé inú agbo ilé kan ní Bẹẹrẹ tàbí Òkè-Àdó ni wọ́n ti mọ Ìbàdàn. Wọ́n mọ ẹni tó ń ta àkàrà, wọ́n mọ gọ́tà tí bọ́ọ̀lù máa ń kó sí, ṣùgbọ́n wọn kò dé Gbọ̀ngàn Màpó rí títí wọ́n fi dàgbà.

Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Òbí tó ń gbé ní Ìkẹjà tàbí Sùúrùlérè lónìí lè má ní ìyá àgbà ní Ìbàdàn mọ́. Ilé ẹbí ti di ilé ayálégbé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti fọ́n ká. Ọ̀dọ̀ èèyàn ni wọ́n ń lọ tẹ́lẹ̀. Ibi ni wọ́n ń lọ wò báyìí. Òbí á gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, á ra tíkẹ́ẹ̀tì, á wá pe ẹni tó ń fi mímú àlejò kiri ìlú ṣiṣẹ́ ṣe, á ní ọmọ mẹ́rin ni òun ń kó bọ̀ o, àkọ́bí ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, àbíkẹ́yìn ṣì ń lo Pampers.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ti rí i tó pé Ìbàdàn kò ṣaláìní ohun tí ọmọ lè wò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni pé òbí á kó ọmọ mẹ́rin dání, á sì ṣètò bí ẹni tó kó ọmọ kan. Ìka ò dọ́gba, kò sí Yorùbá tí kò mọ ìyẹn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dé òde, ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta àti ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fẹ́ kó jọ rìn ní ìwọ̀n kan náà, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

Bàbá kan wá láti Èkó tòun ti ìwé pélébé tó kọ orúkọ ibi kún: Màpó, Láyípo, ọgbà ẹranko Yunifásítì, Ilé Kòkó, ọgbà Agódi, mùsíọ́mù tó wà ní Aléṣinlọ́yẹ́, ọjà Dùgbẹ̀, ọjà Bódìjà. Ọjọ́ méjì ló fẹ́ fi rí gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Owó ńlá ló ná, ó sì fẹ́ kí ojú àwọn ọmọ òun là. Kí wọ́n tó dé ibi kẹta, àbíkẹ́yìn ti ń ké, èyí tó tẹ̀ lé e ti ń béèrè oúnjẹ, àkọ́bí sì kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mọ́. Wọ́n dé gbogbo ibi tó wà nínú ìwé náà tán. Nígbà tí bàbá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí, wọ́n ń wo ojú ara wọn.

Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọn kò sì yẹ fún ẹ̀gàn. Ohun tí wọ́n ń wá ṣe iyebíye: wọ́n fẹ́ kí ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó, tó jẹ́ pé ọ̀nà ilé ìwé àti ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló mọ̀, mọ̀ pé ayé Yorùbá fẹ̀ ju Àdúgbò Ìkẹjà lọ. Ẹni tí kò bá rìn jìnnà kò ní rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta kò wá abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Tó bá rí ọ̀kẹ́rẹ́ lásán, ó ti tó o.

Rélùwéè fi èyí hàn dáadáa. Ọdún 1901 ni ojú irin àkọ́kọ́ láti Èkó ti wọ Ìbàdàn, àwọn àgbà sì ṣì ń sọ bí Dùgbẹ̀ ṣe máa ń kún fún èrò àti ẹrù láyé ìgbà náà. Èyí tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò tó ń sanwó ní oṣù kẹfà ọdún 2021, kìlómítà 157 ni ojú irin rẹ̀. Ó ń gba Agége àti Abẹ́òkúta kọjá, ìrìn bíi wákàtí méjì ààbọ̀. Òun ló jẹ́ kí ìdílé tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ bọ́ lọ́wọ́ màrosẹ̀, níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti lè há ọmọ mọ́ inú ọkọ̀ fún ìdajì ọjọ́. Àgbàlagbà á wọ̀ ọ́ kó lè dé ibi tó ń lọ. Ní ti ọmọ kékeré, ó ti dé ibi tó ń lọ láti ìgbà tó ti wọlé jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ọmọkùnrin kan wà tó lo ọjọ́ mẹ́ta ní Ìbàdàn, tó rí kìnnìún, tó wẹ̀ nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n délé tí ìyá àgbà bi í léèrè ohun tó rí, ó ní òun rí ọkùnrin kan tó ń ju ọwọ́ sí rélùwéè. Bàbá rẹ̀ banú jẹ́ díẹ̀. Kò yẹ kó banú jẹ́. Ọmọ náà ti rí ìrìn-àjò tirẹ̀.

Mọ́níyà ni ọkọ̀ yìí ń já èrò sí, ó sì jìnnà sí àárín ìlú. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ibi tí ọkọ̀ já èèyàn sí ló yẹ kó sọ ibi tí wọ́n máa kọ́kọ́ lọ. Síbẹ̀, ìdílé tó bá dé ní àárọ̀ sábà máa ń fẹ́ já lọ sí Màpó tààrà, torí pé Màpó ló lókìkí. Wọ́n á gba Ọjọ́ọ, wọ́n á gba iwájú Yunifásítì Ìbàdàn kọjá, wọ́n á há sí Mọ́kọ́lá, tí wọ́n bá fi máa gun òkè Màpó, oòrùn ti mú, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti sùn sọ́rùn ìyá wọn. Ní ọjọ́ kejì wọ́n á tún padà sẹ́yìn wá sí ọgbà ẹranko tó wà nínú Yunifásítì tí wọ́n ti gbà kọjá lánàá. Ẹni tó mọ ìlú kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ti jókòó láti Èkó nílò ibi tó ti máa sáré, ọgbà ẹranko náà sì wà lójú ọ̀nà. Ọdún 1948 ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹranko jọ síbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, nígbà tó sì di 1974, ó di ọgbà ẹranko gidi fún gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ òbí tó ń kó ọmọ wá báyìí ló jẹ́ pé ìgbà tí ilé ìwé wọn kó wọn wá síbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fojú kan kìnnìún. Ojú wọn á máa dán bí wọ́n ṣe ń wọ ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì fẹ́ kí ojú ọmọ náà dán bákan náà. Ọmọ lè má wo kìnnìún rárá. Àwọn ìbejì ọlọ́dún mẹ́rin kan wà tí ẹ̀rù kìnnìún bà débi pé wọ́n kọjú sí ilẹ̀, tí wọ́n wá rí ìlà ìjàlọ, tí wọ́n sì tẹ̀ lé e títí dé ìdí igi. Ìyá wọn fẹ́ fà wọ́n dìde kí wọ́n má baà pẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀bọ. Ẹni tó ń mú wọn rìn bẹ̀ ẹ́ pé kó fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀bọ kò ní sá lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ, lẹ́yìn oúnjẹ, oorun. Ọmọ ọdún méjì tí kò sùn lọ́sàn-án, gbogbo ilé ni kò ní sùn lálẹ́. Kò sí ọgbọ́n kankan tó ju ìyẹn lọ lórí ọ̀rọ̀ àwọn kéékèèké.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ọmọ ló le jù, pàápàá ọ̀rọ̀ àkọ́bí tó jẹ́ obìnrin. Nínú ilé Yorùbá, ẹ̀gbọ́n ló ń pọn àbúrò, ohun dáadáa ni. Àìmọye èèyàn ló dúró lórí ẹsẹ̀ wọn lónìí nítorí ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó gbà kí àbúrò kọ́kọ́ jẹun. Ṣùgbọ́n ohun kan ń ṣẹlẹ̀ lásìkò ìrìn-àjò tó yẹ ká bá ara wa sọ. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí ilé ìyá àgbà, ọwọ́ tó ń gba ọmọ pọ̀ nínú agbo ilé: àǹtí wà, ìyàwó bùrọ̀dá wà, aládùúgbò wà. Ní òtẹ́ẹ̀lì, ìyá, bàbá àti àkọ́bí ló kù. Bàbá ń wa ọkọ̀ tàbí ó ń dá owó kẹ̀kẹ́, ìyá ń wá oúnjẹ. Ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ ọwọ́ wà?

Wọ́n fi fọ́tò ìrìn-àjò ìdílé kan han ẹni tó mú wọn rìn. Ó dára gan-an ni. Ní iwájú Màpó, ọ̀dọ́mọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan gbé ọmọ sí ìbàdí. Ní ọgbà Agódi, ó gbé ọmọ sí ìbàdí. Nídìí Ilé Kòkó, ó pọn ọn. Nígbà tí wọ́n bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ó fi òwe dáhùn pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òótọ́ lòwe náà, àgbà ló sì dárúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò tíì dàgbà tó ìyẹn. Bó bá láṣọ bí àgbà, kò tíì lè ní àkísà bí àgbà, àwa tí a bí i la sì mọ ìyàtọ̀. Ó yẹ kí òun náà rí wákàtí díẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi máa ṣófo nínú ìlú tí kò dé rí. Tí ó bá gba pé kí wọ́n san owó tíkẹ́ẹ̀tì fún àbúrò ìyá kan láti bá wọn lọ, kí wọ́n san án. Kí wọ́n yọ òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá kúrò, kí wọ́n fi owó yẹn mú èèyàn kan sí i dání. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí kò ní ìmọ̀ràn kankan tí wọ́n ń tẹnu mọ́ tó èyí.

Torí pé bí ọwọ́ bá pọ̀ ni ìdílé fi lè pín, ìdílé tí kò bá sì lè pín kò lè rí Ìbàdàn. Àwọn bàbá kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Wọ́n á ní àwọn ò ná gbogbo owó yìí kí àwọn wá tú ká. Èrò rere ló wà nídìí rẹ̀: lójú wọn, kí gbogbo ilé wà pa pọ̀ ni ìrìn-àjò náà fún. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, síbẹ̀ inú ọjà kan náà ni gbogbo wọn ti ń pàdé. Agódi ni ibi tí èyí ti rọrùn jù lọ. Ọgbà tó wà níbẹ̀, ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Omíyalé Ògùnpa bà á jẹ́ ní 1980, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Igi ńláńlá wà níbẹ̀, koríko wà, omi wà, ibi eré ọmọdé wà. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́jọ lè wà níbẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán láìsùú. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n wọn tó ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìṣẹ́jú mélòó ló máa fi wo jangirọ́fà?

Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ wà, tó ń fi fóònù ya fídíò kúkurú láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti fẹ́ dìjà láàárín òun àti bàbá rẹ̀. Ẹni tó ń mú wọn rìn sọ fún un pé kò jìnnà síbi tí wọ́n wà ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó kọ́kọ́ tàtaré àwòrán ní apá gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà nílẹ̀ Adúláwọ̀ wà, pé ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ọmọ náà kò gbà á gbọ́. Ó wá a lórí Google, ó dìde, ó ní kí wọ́n mú òun lọ. Òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló lọ, wọ́n dúró síta wo òpó tẹlifíṣọ̀n náà, wọ́n sì padà wá bá àwọn tó kù lábẹ́ igi. Ọ̀nà kúkurú ni. Bàbá sọ lẹ́yìn náà pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́dún náà tí àwọn méjèèjì máa jọ rìn tí ẹnikẹ́ni ò bínú.

Àwọn ìdílé tó ń bọ̀ láti ìlú Ọba ní oṣù Kejìlá mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Ìyá àgbà sábà máa ń wà láàárín wọn, àwọn tó ń ṣètò sì máa ń rò pé ẹrù ló jẹ́: kò lè gun àtẹ̀gùn, ó tètè ń rẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìyá àgbà kan láti London jókòó sínú ọkọ̀ nídìí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé ilé náà ga tó mítà 105, pé àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ní, pé ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, pé iná jó o ní 1985 kí wọ́n tó tún un ṣí ní 1992. Àwọn ọmọ náà ń mi orí. London ní ilé tó ga jù ú lọ. Ìyá àgbà wá yọ orí látojú fèrèsé, ó ní: "Kòkó bàbá mi wà nínú ilé yẹn." Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sá kòkó lórí ẹní, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gbé e lọ fún àwọn tó ń wọ̀n ọ́n, bí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣe fi owó tó wọlé lórí kòkó kọ́ ilé àti ilé ìwé. Àwọn ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n lọ fọwọ́ kan ara ògiri.

Kò sí afinimọ̀nà tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Tí ìdílé bá ní àgbà tó ṣì lè sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbà á láyè lórí àga iwájú ọkọ̀.

Ọmọ àárín, ẹni ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá, ló kù, òun sì ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ọmọ ọwọ́ ń ké, wọ́n dá a lóhùn. Àkọ́bí ń bínú, wọ́n ń tù ú. Ẹni àárín kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n ṣètò fún un. Láyípo ni ibi tirẹ̀ ní Ìbàdàn. Orí Òkè-Àrẹ̀ ni ilé ìṣọ́ náà wà. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Ọ̀gágun Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn láti ọdún 1893. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ há, ó sì ń yí po bí ìkarahun ìgbín. Ẹni tó pọn ọmọ kò lè gùn ún pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ọmọ kékeré kò gbọ́dọ̀ gùn ún, ọ̀dọ́langba lè ní ó ti rẹ òun. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló bọ́ sí lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín ọmọ mẹ́rin, tí kò sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ láti ìgbà tí wọ́n ti sọ̀ ní Mọ́níyà. Òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló gun Láyípo. Nígbà tí wọ́n dé òkè, tí òrùlé páànù tó ti dípẹtà tẹ́ lọ láti òkè kan sí òkè kejì, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìhà wo ni Èkó wà? Kí ló dé tí gbogbo òrùlé fi pọ́n? Tí ọmọ bá sọnù nísàlẹ̀ yẹn, báwo ni wọ́n ṣe máa rí i? Ṣé ibí ni wọ́n ti ń ṣọ́ ogun? Bàbá kò mọ ìdáhùn gbogbo rẹ̀. Kò burú. Wọ́n pẹ́ lókè débi pé ìyá fi fóònù pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òbí ìsinsìnyí sì fẹ́ràn láti bi ọmọ léèrè ibi tó fẹ́ lọ. Ìyípadà rere ni sí ayé tí wọ́n kàn ń sọ pé "ẹ wọṣọ, à ń lọ." Àmọ́ ọmọ kò lè yan ohun tí kò mọ̀. Tí wọ́n bá bi í pé "kí lo fẹ́ wò ní Ìbàdàn?", odò ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ló máa dárúkọ. Ohun méjì ni kí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, kí ó mú ọ̀kan, kí wọ́n sì dúró lórí rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé èkejì ló wu òbí. Ọmọ tó bá rí i pé wọ́n gba ohùn òun kì í dí àwọn tó kù lọ́wọ́ nígbà tó bá kan tiwọn. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti rí i lára ọmọ tó le gan-an.

Àárọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn ló yẹ kó ṣófo nínú ètò. Ìdílé kan ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn, nítorí pé bàbá ṣì fẹ́ fi mùsíọ́mù há a. Ọmọ ọdún méje ní òun fẹ́ padà sí ọgbà ẹranko tó ti lọ, ìyá sì mú un lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá fẹ́ jẹ àmàlà òun gbẹ̀gìrì lẹ́ẹ̀kan sí i ní Bódìjà, bàbá bá a lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní oorun ló wu òun, wọ́n sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àbúrò ìyá rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Mọ́níyà ni wọ́n ti pàdé, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí rélùwéè ọ̀sán tó gbéra, kálukú sì ń sọ tirẹ̀ lé ti ẹlòmíràn lórí.